Ímeèlì tí ẹ kò rí mọ́: ibi tí ẹ ó ti wá a kí ọjọ́ 30 tó pé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìdààmú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ka ohun tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní àwọn ará ilé ti fi ìwé tí ẹ nílò ránṣẹ́ sínú Gmail yín láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n tún fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, síbẹ̀ ẹ kò rí nǹkan kan. Ẹ tún ní àwọn lẹ́tà àtijọ́ kan tó dá yín lójú pé wọ́n wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti pòórá, ẹ wá fẹ́ yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù kí ẹ tún un gbé sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yọ ọ́. Lẹ́tà kì í gbé inú áàpù. Orí ẹ̀rọ Google ló ń gbé, áàpù kàn ń fi í hàn yín ni. Bí ẹ bá yọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà àti kóòdù lọ́wọ́ yín kí ẹ tó padà wọlé. Bí kóòdù yẹn bá ń lọ sórí nọ́ńbà ilé tí kò ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ yín nílẹ̀ òkèèrè tí ẹ wà mọ́, ẹ ti ti ara yín mọ́ta nìyẹn, wàhálà yín á sì di méjì.

Ọjọ́ ló jẹ́ kí n tètè fèsì. Ohun tó bá wọ Spam (ibi tí Gmail ń kó lẹ́tà tó fura sí sí) tàbí Trash (ibi tí lẹ́tà tí a pa rẹ́ ń lọ) ní Gmail, ọjọ́ 30 péré ló máa lò kó tó pa rẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ nínú tiyín. Òní ni kí ẹ wò ó.

Bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ jókòó sí. Nínú àpótí ìwákiri tó wà lókè, ẹ tẹ in:anywhere, ẹ fi àyè sílẹ̀, kí ẹ wá tẹ from: kí ẹ sì lẹ àdírẹ́sì ẹni tó fi ránṣẹ́ mọ́ ọn. in:anywhere yẹn ni ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé, torí bí ẹ bá kàn wá orúkọ lásán, Gmail kì í dé inú Spam àti Trash. Mo ti rí ẹni tó wá lẹ́tà kan fún odidi ọ̀sẹ̀, tó ní òun ti wá gbogbo ibi, tó sì jẹ́ pé inú Spam ló wà. Bí àdírẹ́sì wọn kò bá dá yín lójú, ẹ tẹ in:anywhere has:attachment newer_than:30d, yóò kó gbogbo lẹ́tà tí wọ́n so fáìlì mọ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ jáde. Bí ẹ bá rí i nínú Spam, ẹ tẹ Not spam, kí ẹ fi àdírẹ́sì náà sínú Contacts yín. Ẹ yẹ Promotions àti Updates náà wò, àwọn ẹ̀ka tí Gmail máa ń pín lẹ́tà sí. Ẹni tó bá ń lo Outlook, ímeèlì ti Microsoft, kó wo ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Other.

Ní ti àwọn lẹ́tà àtijọ́, mo ní ohun tí mo fura sí. Àbúrò ìyá mi ráhùn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ́jọ́ kan. Mo jókòó tì wọ́n, mo ní kí wọ́n ṣí ímeèlì wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣí i lójoojúmọ́. Wọ́n fi àtàǹpàkò ti ojú fóònù sókè kí wọ́n lè rí èyí tó wà nísàlẹ̀, ìka wọn sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Àwọ̀ ewé kan yọ fìrí, lẹ́tà kan sì kúrò lójú ìlà. Wọn ò kíyè sí i. Ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Archive ni fífà sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn ń ṣe: ó ń mú lẹ́tà kúrò ní Inbox, kì í pa á rẹ́. Nígbà tí a ṣí All Mail, gbogbo ohun tí wọ́n ti ń wá láti ọjọ́ yìí tò síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ ṣí All Mail tiyín. Lẹ́yìn náà, ẹ wá Swipe actions nínú Settings áàpù Gmail lórí fóònù yín, kí ẹ yí i sí None.

Ẹ tún wo àyè tó kù. 15 GB ni Google fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail, Drive àti Photos ló sì jọ ń pín in. Fídíò inú Photos ló sábà máa ń jẹ ẹ́ tán. Tó bá ti kún, lẹ́tà kò ní wọlé mọ́, yóò padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́ ni. Nítorí náà ẹ bi àwọn ará ilé bóyá lẹ́tà kan wọlé fún wọn láti ọ̀dọ̀ Mailer-Daemon, orúkọ tí ẹ̀rọ máa ń fi sọ fún èèyàn pé lẹ́tà rẹ̀ kò dé. Kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì ya ti àdírẹ́sì tí wọ́n kọ, kí wọ́n fi méjèèjì ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Dọ́ọ̀tì tó bá yọ tàbí tó lé nínú àdírẹ́sì Gmail kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n álífábẹ́ẹ̀tì kan péré tó bá yí padà ti gbé ìwé yín lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí àyè ló fà á, ẹ tẹ larger:10M kí ẹ rí àwọn lẹ́tà tó wúwo, ẹ pa èyí tí ẹ kò nílò, kí ẹ sì kó Trash dànù. Lẹ́tà tó ti padà kò ní dédé wá o. Kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́ ni.

Ṣé ẹ fi kọ̀ǹpútà kan sílẹ̀ nílé tí ẹ ti ń ka ímeèlì tẹ́lẹ̀? Bó bá ń fi POP (ọ̀nà kan tí áàpù ímeèlì ń gbà kó lẹ́tà sórí kọ̀ǹpútà) kó lẹ́tà, ó lè máa kó wọn kúrò lórí Gmail síbẹ̀. Ẹ wò ó nínú Settings Gmail lórí kọ̀ǹpútà, ní Forwarding and POP/IMAP.

Èyí tó kù yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Nínú Settings kan náà, ẹ ṣí Filters and Blocked Addresses. Bí ẹ bá rí òfin tí ẹ kò ṣe, tó sọ pé kí lẹ́tà kan fo Inbox, kó pa rẹ́, tàbí kó lọ sí àdírẹ́sì tí ẹ kò mọ̀, ẹnìkan ti wọ inú ímeèlì yín. Ohun tí irú wọn ń ṣe ni pé wọ́n á fi orúkọ yín béèrè owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn yín, wọ́n á sì fi òfin náà pa èsì mọ́ kí ẹ má bàa rí i. Ẹ tẹ Details tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lójú ìwé Gmail lórí kọ̀ǹpútà, yóò fi ibi tí wọ́n ti wọlé hàn yín. Bí ó bá dárúkọ ilé, ẹ má tíì fòyà, ó lè jẹ́ kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tí ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Bí kì í bá ṣe tiyín, ẹ pa òfin náà rẹ́, ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, ẹ lé gbogbo ẹ̀rọ yòókù jáde. Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ yín báyìí rọ́pò ti ilé, torí nọ́ńbà tí a kò lò mọ́ lè di ti ẹlòmíràn. Ẹ pe ilé pẹ̀lú ẹnu yín, kí ẹ sọ fún wọn pé kí ẹnikẹ́ni má san owó sí àkáǹtì kankan tí ímeèlì yín bá fi ránṣẹ́.

Bí ẹ bá rí i pé ẹni náà ti pa àwọn lẹ́tà rẹ́, Google ní ojú ìwé kan tí a ti ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá wa dá lẹ́tà padà. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ tètè béèrè.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ti in:anywhere ná, kí ẹ sọ ohun tó gbé jáde fún mi. Mo ń dúró dè yín.