Owó ẹyọ kọ́ ni oògùn àwo tó ń fò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ yín ni mo jẹ́, Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Bàbá mi tó di olóògbé fi àpótí àwo méjì sílẹ̀ fún mi. Àpàlà, sákárà àti jùjú ló pọ̀ jù nínú wọn. Mo ra giramafóònù tòkúnbọ̀ kan kí n lè máa gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń fò. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n lẹ owó ẹyọ mọ́ orí apá rẹ̀ kó lè wúwo. Mo lẹ ọ̀kan, ó sì dáwọ́ fífò dúró, àmọ́ àwo méjì ṣì ń fò síbẹ̀. Ṣé kí n fi ìkejì kún un ni? Wọ́n tún ní kí n fi kẹrosíìnì nu àwọn àwo náà. Rédíógíráàmù bàbá mi (rédíò àti giramafóònù nínú àpótí kan), èyí tó ń lo fáàfù, ṣì wà nílé. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ máa ń dùn ju ti ìgbàlódé lọ. Ṣé kí n tàn án?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Kí o tó kàwé yìí síwájú, dìde, lọ yọ owó yẹn kúrò.

O ti yọ ọ́? Ó dáa. Ìwọ ni ẹnì kẹrin tó máa bi mí ní ìbéèrè owó ẹyọ yìí láàárín oṣù méjì, inú sì ti ń bí mi. Kì í ṣe sí ìwọ o. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ tòkúnbọ̀ ni mò ń bá wí. Wọ́n mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ti kú, wọn ò fẹ́ náwó sí i, ni wọ́n bá sọ kọ́bọ̀ di oògùn, tí wọ́n ń tà á mọ́ ẹ̀rọ fún oníbàárà.

O ní kí n sọ iye owó tí o máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tó yẹ kí o bi mí ni ìdí tí abẹ́rẹ́ fi ń fò, nítorí kì í sábà jẹ́ pé ó fúyẹ́ ló ṣe ń fò.

Wò ó báyìí. Ilà tí o ń rí lójú àwo, poro ni, bíi poro tó wà láàárín ebè. Ẹyọ kan ṣoṣo ló sì wà lójú kọ̀ọ̀kan: ó bẹ̀rẹ̀ létí àwo, ó ń lọ́ yípo yípo títí tó fi dé ẹ̀bá bébà tó wà láàárín. Ara ògiri poro yìí ni orin wà. Ògiri náà rí kọ́lọkọ̀lọ, abẹ́rẹ́ ń gba àárín rẹ̀ kọjá, ó ń gbọ̀n bí ògiri ṣe ń tì í sọ́tùn-ún sósì, gbígbọ̀n yẹn náà ni kátíréèjì (ilé tí abẹ́rẹ́ ti yọrí jáde) ń sọ di iná mànàmáná kékeré tó ń lọ sínú áńpù (ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ńlá). Tó bá jẹ́ àwo sitẹ́ríò, ògiri tó kọjú sí etí àwo ló ru ohùn apá ọ̀tún, èyí tó wà níhà àárín ló ru ti òsì. Àwo LP (àwo ńlá tí orin pọ̀ lójú rẹ̀) máa ń yí nígbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí ojú kan bá fi 20 ìṣẹ́jú kọrin, abẹ́rẹ́ rẹ ti fẹsẹ̀ rin poro tó lé ní 400 mítà. Ẹsẹ̀ tó fi ń rìn ín, irun orí rẹ nípọn jù ú lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹrù ti wọlé. Kátíréèjì onímágínẹ́ẹ̀tì tó wọ́pọ̀ máa ń fẹ́ ẹrù bíi gíráàmù kan ààbọ̀ sí méjì ààbọ̀. Ti sẹ̀rámíìkì, èyí tó wà lára àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó dà bí àpótí aṣọ, lè fẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. O lè ní gíráàmù 2, kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ibi tí gbogbo ẹrù yẹn ti ń tẹ ògiri kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Bí ẹni tó sanra bá fi sálúbàtà tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ lágbo òde, o lè máà ké. Kí ọmọge tó wọ bàtà gogoro wá fi gìgísẹ̀ tẹ ibẹ̀ yẹn, wàá mọ ohun tí mò ń sọ.

Mo gbé kọ́bọ̀ oníhò kan, ti ayé òyìnbó, sórí òṣùwọ̀n kékeré tí mo fi ń wọn abẹ́rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó lé ní gíráàmù 9. Tí o bá lẹ ìyẹn mọ́ orí abẹ́rẹ́ tó yẹ kó ru gíráàmù 2, o ti di ẹrù tó ju ìlọ́po márùn-ún lọ lé e lórí. Ọ̀pá tín-ín-rín tó di abẹ́rẹ́ mú máa ń gbé sórí rọ́bà kékeré kan. Rọ́bà yẹn á rọ̀, ọ̀pá á wọlé sínú, ikùn kátíréèjì á sì máa wọ́ lójú àwo. Mo ti rí èyí tó fa ilà funfun yíká àwo bí ẹni fi ẹfun sàmì sí i.

«Àmọ́, sà, ó dáwọ́ fífò dúró.» Mi ò jiyàn. Tí ìdọ̀tí bá dí poro, abẹ́rẹ́ tó yẹ kó fò ó ni o ti fi tipátipá mú kó là á kọjá. Kò gbé ìdọ̀tí náà kúrò, ó ń fà á lọ ni, ó sì ń fi í ha ògiri bíi sáńpépà. Tó bá sì jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ti jẹ, tí ẹnu rẹ̀ ti dà bí ti ṣísẹ́lì, o ti fún ṣísẹ́lì ní òòlù nìyẹn. Orin á lọ geerege lónìí. Tó bá dọ̀la, orin kò ní sí lára ògiri mọ́.

Jẹ́ kí n sọ èyí tójú mi rí. Ọkùnrin kan gbé àwo àpàlà wá bá mi, ó ní sípíkà òun ti bàjẹ́, ó ń họ. Mo gbé àwo náà sí ìtànṣán iná. Gbogbo ojú rẹ̀ dúdú, ó ń dán, àfi ibì kan tó fẹ̀ tó ìka méjì tó ti di aláwọ̀ eérú. Mo bi í pé orin wo ló wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èyí tí òun fẹ́ràn jù ni, alaalẹ́ lòun máa ń gbé e sí i. Mo yí apá ẹ̀rọ rẹ̀ sókè, owó ẹyọ méjì ló wà níbẹ̀, tó fi sẹ́lótéèpù dè. Mo fi awò wo ẹnu abẹ́rẹ́: lẹ́búlẹ́bú dúdú ló kó jọ síbẹ̀. Àwo yẹn fúnra rẹ̀ ni, tí wọ́n lọ̀. Nígbà tí mo fi abẹ́rẹ́ tuntun sí i, gángan ṣì ń sọ̀rọ̀, a ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti di ariwo bí ẹni ń dín àkàrà, torí ohùn tín-ín-rín ló kọ́kọ́ máa ń jẹ kúrò lára ògiri, ohùn ìsàlẹ̀ a máa pẹ́ díẹ̀ sí i. Ó ní ṣé mo lè bá òun tún un ṣe. Sípíkà ni mo lè tún ṣe, ó sì wá jẹ́ pé sípíkà kò ṣe nǹkan kan.

Má tìtorí èyí lọ sọ ọ́ di fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ o. Ẹrù tó kéré jù náà burú, torí abẹ́rẹ́ á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún láàárín poro, á sì máa fi ẹnu kọlu ògiri. Iye tí ẹni tó ṣe kátíréèjì kọ sí i ni kí o tẹ̀ lé. Tí ẹ̀rọ rẹ bá ní irin róbótó ní ìdí apá, òun ni wọ́n fi ń wọn ẹrù. Yí i títí apá á fi dá dúró nínú afẹ́fẹ́ gbọọrọ, bí òṣùwọ̀n tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ dọ́gba. Yí nọ́ńbà ara rẹ̀ sí òdo láìyí irin fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà kí o wá yí méjèèjì pa pọ̀ dé iye tí wọ́n kọ. Bọ́tìnnì kékeré ẹ̀gbẹ́ apá, èyí tí kì í jẹ́ kí apá sáré wọ àárín, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n sábà máa ń gbé e sí. Tí ẹ̀rọ rẹ kò bá ní irin ìdí apá yìí, kò sí ohun tí o fẹ́ wọ̀n, má sì wá ọgbọ́n kankan dá sí i.

Kí o tiẹ̀ tó fọwọ́ kan apá rárá, gbé ife omi sórí tábìlì tí ẹ̀rọ wà, kí o wo bóyá omi náà tẹ́. Iye ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá fún mi pé ó ń fò, tó jẹ́ pé tábìlì ló dagun, mi ò lè kà á. Lẹ́yìn ìyẹn, abẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ tòkúnbọ̀ ni o rà. Gbà pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti kú títí ẹni tó ní awò fi sọ pé kò kú. Abẹ́rẹ́ dáyámọ́ńdì lè lo bíi wákàtí 500 sí 1,000, ti sàfáyà kì í súnmọ́ bẹ́ẹ̀ rárá, ìwọ kò sì mọ wákàtí mélòó ni ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti lò ó.

Àwo méjì tí kò gbọ́ràn yẹn, gbé wọn lọ́wọ́ wò. Ṣé wọ́n nípọn, tí wọ́n wúwo ju àwọn yòókù lọ, tó jẹ́ orin ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí díẹ̀ sí i ló wà lójú kọ̀ọ̀kan? Tí wọ́n bá kọ 78 (iye ìgbà tí àwo ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan) sí bébà wọn, a ti rí i. Irú èyí kì í ṣe ike bíi LP. Ṣẹ́láàkì ni, oje tí kòkòrò ń ṣe, tí wọ́n pò mọ́ ìyẹ̀fun òkúta. Tó bá jábọ́, á fọ́ bí àwo ìjẹun. Àwo ayé àtijọ́ ni, irú èyí tí Josiah Ransome-Kuti, àlùfáà Ẹ̀gbá tìrẹ níbẹ̀ yẹn, fi kọrin Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. LP kò jáde títí di 1948. Poro rẹ̀ fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti LP, nítorí náà abẹ́rẹ́ LP kàn máa ń rìn gbéregbère nísàlẹ̀ rẹ̀ ni, á máa fò, á máa họ. Abẹ́rẹ́ 78 ni kí o rà fún un. Kódà, bí o to òkìtì owó ẹyọ lé abẹ́rẹ́ LP, kò lè fẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ kẹrosíìnì: rárá. Ó ń fi òróró sílẹ̀ nínú poro, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Bẹntiróòlù tún burú ju ìyẹn lọ, ká má tiẹ̀ sọ ti iná. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ (kò gbọdọ̀ gbóná) pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ olómi méjì ni kí o lò, pẹ̀lú aṣọ múlọ́múlọ́. Bí poro ṣe yí ni kí o ṣe máa nù ún, má dábùú rẹ̀. Má jẹ́ kí omi kan bébà àárín. Fi omi mímọ́ ṣan án. Omi tí wọ́n ń rọ sí bátìrì mọ́tò dára jù torí kò ní iyọ̀ nínú, ṣùgbọ́n omi ni mo wí o, kì í ṣe ásíìdì, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé èmi ni mo rán òun. Jẹ́ kó gbẹ níbi tí oòrùn kò dé. Sípíríìtì àti irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan 78 láé, ó ń yọ́ ṣẹ́láàkì.

Rédíógíráàmù, má tàn án. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohùn fáàfù, àwọn gílóòbù tó ń pọ́n rúsúrúsú yẹn; etí kálukú ló mọ ohun tó dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n iná tó wà nínú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ju folti 200 lọ, àwọn kàpásítọ̀ rẹ̀ (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná) sì lè di iná náà mú lẹ́yìn tí o ti yọ ọ́ lára ògiri. Kàpásítọ̀ tó ti pẹ́ láìṣiṣẹ́ tún lè gbiná lójijì. Má ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, má sì jẹ́ kí ọmọ kankan ṣí i. Wá ẹni tó mọ iṣẹ́ fáàfù, kì í ṣe ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní òpópó. Tí ó bá dé, sọ fún un kó wo abẹ́rẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú: ọ̀pọ̀ nínú wọn ní abẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n ń yí síra, ọ̀kan fún 78, ìkejì fún LP. Ó lè jẹ́ pé ohun tí àwo méjì yẹn ń fẹ́ ti wà nílé yín láti ọjọ́ yìí.

Èmi kò rí ẹ̀rọ rẹ lójú o, ohun tí o kọ ni mo fi dáhùn. Tí o bá lè ka orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lára kátíréèjì, fi ránṣẹ́, màá sọ irú abẹ́rẹ́ tí o máa rà fún ọ. Títí dìgbà yẹn, dá àwọn àwo padà sínú àpò wọn, kí o gbé wọn dúró lóòró, má tò wọ́n lé ara wọn, má sì gbé àpótí náà sí ẹ̀bá fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀.