Iṣẹ́ ẹlòmíì ni mò ń wò yà: báwo ni ọwọ́ tèmi yóò ṣe jáde?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ọdún 21 ni mí, ó sì ti tó ọdún 2 tí mo ti ń yàwòrán sí ìtàn àwọn ọmọdé. Ayàwòrán kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an, iṣẹ́ rẹ̀ ni mo fi kọ́ ohun tí mo mọ̀. Ní báyìí, gbogbo ẹni tó bá rí àwòrán mi ló ń sọ pé ó jọ tirẹ̀. Tí mo bá sì ní kí n gbé tirẹ̀ tì, kí n ya nǹkan láti inú orí mi, ìwé á kàn funfun báláú níwájú mi ni. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dójú tì ọ́ nítorí pé o ń wo iṣẹ́ ẹlòmíì yà. Vincent van Gogh, ayàwòrán ará Netherlands, ṣe é. Ní 1887, ó jókòó ti àwòrán Hiroshige, ará Jàpáánì, ó sì fi ọ̀dà tún wọn yà. Èyí tí àwọn èèyàn ń sáré kọjá lórí afárá nínú òjò wà lára wọn. Ṣùgbọ́n àwọ̀ tirẹ̀ le ju ti Hiroshige lọ, ipa búrọ́ọ̀ṣì sì hàn ketekete lójú omi.

Ibi tí tìrẹ ti wọ́ ni pé odò kan ṣoṣo lo ti ń pọnmi. Wádìí ẹni tí ayàwòrán tí o fẹ́ràn náà fi ṣe àwòkọ́ṣe, kí o lọ wo iṣẹ́ ẹni yẹn. Lẹ́yìn náà, kúrò nídìí àwòrán pátápátá: wo eegun ẹja, gbòǹgbò igi, bí arúgbó ṣe ń di nǹkan mú kó tó lè dìde. Èmi a máa fi ìwé kékeré kan sápò, ewé gbígbẹ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ní ti ìwé tó funfun, ojú inú kì í ṣiṣẹ́ lórí òfo. Ohun tí ojú ti rí tí ọwọ́ sì ti yà ló ń tú ká, tó ń tún tò. Leonardo da Vinci, ayàwòrán ará Ítálì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí èèyàn bá fẹ́ kí ẹranko tí kò sí láyé jọ èyí tó wà láàyè, kó mú ẹ̀yà ara rẹ̀ lára àwọn ẹranko gidi: orí ajá, ojú ológbò, etí òòrẹ̀, ọrùn ìjàpá. Albrecht Dürer, ayàwòrán ará Jámánì, ya àgbáńréré (rhinoceros) ní 1515, bẹ́ẹ̀ kò fojú kàn án rí. Àpèjúwe tí wọ́n kọ ránṣẹ́ àti àwòrán tí ẹlòmíì yà ló rí. Ó ya awọ rẹ̀ bí ẹ̀wù irin tí wọ́n ń wọ̀ lọ sójú ogun, ó sì fi ìwo kékeré kan sí i lẹ́yìn, èyí tí àgbáńréré kankan kò ní. Síbẹ̀, ẹni tó bá wò ó á gbà pé ẹranko náà ń mí. Ní 1502 àti 1503, Dürer ti jókòó ti ehoro kan àti ìdì koríko kan, ó yà wọ́n ní irun kọ̀ọ̀kan, ní ewé kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ló ti rí ohun tó fi dí àlàfo tí ojú rẹ̀ kò dé.

Nítorí náà, gbé nǹkan kan síwájú, ká ní bàtà tó ti gbó. Wò ó fún ìṣẹ́jú 5 láìfọwọ́ kan pẹ́ńsù. Gbé e pamọ́, kí o yà á láti orí. Gbé e jáde padà, kí o fi àwọ̀ mìíràn sàmì sí ibi tí o ti ṣì í. Má pa á rẹ́ o! Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí, mo rí i pé gbogbo bàtà tí mo bá yà láti orí, imú rẹ̀ máa ń yọ sókè, okùn rẹ̀ á sì gùn bí irùngbọ̀n. Kò sẹ́ni tí mo wò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tèmi nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo fi ojú àti ẹsẹ̀ sí ọ̀kan nínú wọn, ó di bàbá arúgbó kan tó ń wá èkejì rẹ̀ kiri.

Ẹni tí o fẹ́ràn ńkọ́? Má kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Kàn pa ìwé rẹ̀ dé nígbà tí o bá ń ṣiṣẹ́, kí o ṣí i nígbà tí o bá parí. Èyí tí o bá wò yà, ẹ̀kọ́ ni. Má tà á, bí o bá sì fẹ́ fi han èèyàn, kọ orúkọ ẹni tó ni í sí i.

Tí bàtà bá ti sú ọ, bọ́ sórí ọwọ́ rẹ, èyí tí kò di pẹ́ńsù mú.