Báwo ni ọmọ mi ṣe lè máa dá wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé-ìwé?

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 11, yóò sì wọ ilé-ìwé girama ní sáà tó ń bọ̀. Bọ́ọ̀sì méjì ni yóò máa wọ̀ kó tó débẹ̀. Èmi ni mo ti ń gbé e lọ, tí mo ń gbé e bọ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi kò ní gbà mí láyè mọ́. Ó wu òun alára kó dá lọ. Èmi ni ẹ̀rù ń bà. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ìyá wa. Iṣẹ́ mi ni kíkọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń dá wọ ọkọ̀ èrò, òbí ni ẹ̀rù sì sábà máa ń bà ju ọmọ lọ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1971, nínú ọmọ mẹ́wàá tó jẹ́ ọmọ ọdún méje sí mẹ́jọ, bíi mẹ́jọ ló ń lọ sílé-ìwé láìsí àgbàlagbà lẹ́yìn wọn. Nígbà tó fi máa di 1990, wọn ò pé ẹyọ kan nínú mẹ́wàá mọ́. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ ìgbà náà gọ̀. Ọkọ̀ ló pọ̀ lójú títì, táwọn òbí ò fọkàn balẹ̀ mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ bá a lọ, ṣùgbọ́n òun ni kó ṣáájú. Òun ni kó mọ bọ́ọ̀sì tó yẹ ní wíwọ̀, kó sì mọ ibi tó yẹ ní sísọ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀, kódà bó bá fẹ́ ṣì í. (Èyí ló máa ń le jù fún òbí.) Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yọwọ́ láti òpin ọ̀nà wá: ẹ jọ wọ ọkọ̀ méjèèjì, kó wá dá fẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀ dé ilé-ìwé. Bí ìyẹn bá ti mọ́ ọn lára, kó dá wọ bọ́ọ̀sì kejì. Ti àkọ́kọ́ ni kó kẹ́yìn.

Nínú bọ́ọ̀sì kọ́ ni ewu ti pọ̀ jù. Ẹ̀yìn tó bá sọ̀ ni. Ọmọ tó bá gba iwájú tàbí ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì sọdá títì kò rí ọkọ̀ tó ń bọ̀, awakọ̀ ibẹ̀ kò sì rí i. Kó dúró kí bọ́ọ̀sì lọ tán ná. Ojú ọmọdé kì í tètè gbọ́n sí bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, nítorí náà kó má máa díwọ̀n pé òun á yára kọjá.

Mímọ ọ̀nà nìkan kò tó o. Ẹ bi í pé: bó o bá sùn kọjá ibùdókọ̀ rẹ ńkọ́? Bí fóònù bá kú ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó dáhùn fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ jọ kọjá ibùdókọ̀ náà, kó sọ̀ ní èyí tó tẹ̀ lé e, kó wá ọ̀nà padà. Kó ní nọ́ńbà yín lórí bébà, àti owó ọkọ̀ díẹ̀ tí kò sí nínú pọ́ọ̀sì. Ẹ tún sọ fún un pé bí ẹnikẹ́ni bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, kó dìde, kó lọ jókòó sítòsí awakọ̀. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ a máa rò pé àfojúdi ni láti dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlagbà. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ fún un láṣẹ.

Ẹ má pè é ní gbogbo ìgbà. Ọmọ tó ń dáhùn fóònù lẹ́bàá títì kò wo títì. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan nígbà tó bá dé ti tó. Bọ́ọ̀sì a sì máa pẹ́, nítorí náà ẹ jọ fẹnu kò sí aago tí ẹ ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Ìgbà ọlidé ló dáa láti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ kò kún. Ṣùgbọ́n kí sáà tó wọlé, ẹ jẹ́ kó rìn ín lákòókò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, torí ọ̀nà tó mọ̀ dáadáa lọ́sàn-án lè rú u lójú nígbà tí èrò bá ń tira wọn.