Ẹ Bi Wá: Ta Ló Kọ́ Àwọn Ilé Àgùdà Yẹn Gan-an?

Láti ìgbà tá a ti gbé fọ́tò àwọn ilé àtijọ́ Pópó Àgùdà l'Ékòó (àdúgbò àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú Brazil dé) jáde lóṣù tó kọjá, àwọn ará Àgbádárìgì ò jẹ́ ká rímú mí. Ìbéèrè lórí ìbéèrè. Àwọn kan tiẹ̀ fi vóìsì nóòtì tó gùn ju súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 2 lọ ránṣẹ́ (a gbọ́ ọ tán o, ẹ má ṣèyọnu). A mú díẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń kọ́ ní Ajárá níbí. Ọ̀gá mi mú mi lọ síbi iṣẹ́ kan ní Lagos Island, bá a ṣe ń kọjá ní Kakawa mo rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan, mo bi ọ̀gá mi pé ta ló kọ́ ọ, wọ́n ní òyìnbó ni, pé aláwọ̀ dúdú ayé ìgbà yẹn ò lè kọ́ irú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ò wọ̀ mí létí. Ṣé òótọ́ ni?

Àbúrò, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tó yẹ ọ̀gá ẹ, kì í ṣe òótọ́. Bíríkìlà àti kápẹ́ńtà bíi tìẹ ló kọ́ wọn, aláwọ̀ dúdú bíi tìẹ, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n tà lẹ́rú lọ sí Brazil tàbí ọmọ tí wọ́n bí fún wọn lọ́hùn-ún. Bahia, ní Brazil lọ́hùn-ún, ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí dìde ogun níbẹ̀ ní 1835, ìjọba lé àwọn kan kúrò, àwọn mìíràn ra ara wọn padà, wọ́n tọ́jú owó ọkọ̀, wọ́n wálé, wọ́n sì ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí Brazil fi fòpin sí ẹrú níní ní 1888. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ẹrù tó níye lórí jù tí wọ́n gbé bọ̀: mímọ ilé, iṣẹ́ igi, iṣẹ́ irin, aṣọ rírán. Apá ibi tí Bamgbose, Kakawa, Igbosere, Tokunboh àti Campos wà ni wọ́n tẹ̀dó sí, ibẹ̀ là ń pè ní Pópó Àgùdà.

O fẹ́ orúkọ, ó dáa, gba orúkọ. Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Holy Cross tí wọ́n ṣí ní 1881 (kì í ṣe kàtídírà tó wà níbẹ̀ lónìí o, èyí tó ṣáájú ẹ̀ ni). João Baptista da Costa ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street, Sanusi Aka sì bá a ṣe é, wọ́n ṣí i ní July 4, 1894, Gómìnà Carter wà níbẹ̀, Sultan ilẹ̀ Tọ́kì tiẹ̀ rán Abdullah Quilliam, òyìnbó Mùsùlùmí kan, wá láti England pẹ̀lú oyè Bey fún Mohammed Shitta tó náwó sí mọ́ṣáláṣí yẹn. Ìwọ wo ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti dùn: ẹni tó ń jẹ́ Baptista, orúkọ onígbàgbọ́, ló gba iṣẹ́ mọ́ṣáláṣí. Bàbá Shitta fúnra wọn, Saró ni wọ́n (àwọn tó ti Sierra Leone dé), Àgbádárìgì wa níbí ni àwọn òbí wọn kọ́kọ́ mú wọn wá ní 1844 kí wọ́n tó kó lọ sí Èkó, ẹ ò wá rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bá a ṣe rò lọ.

Ilé tó o sì rí ní Kakawa, bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní Water House ni, ti ìdílé da Rocha ni. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọdé ni wọ́n ti mú un lẹ́rú lọ sí Bahia, ó wálé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Kànga wà nínú ilé yẹn, wọ́n ń ta omi ẹ̀ fáwọn ará Èkó nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ omi ẹ̀rọ, ibẹ̀ lorúkọ yẹn ti wá. Ọmọ ẹ̀, Candido, tí wọ́n bí ní Bahia ní 1860, wá di olówó tí gbogbo Èkó ń ròyìn títí tó fi kú ní 1959.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé Àgùdà ńkọ́? Ògiri amọ̀ ni, tó nípọn dáadáa, wọ́n wá fi pílásítà bò ó, wọ́n kùn ún láwọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín ilé kọjá látẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn, yàrá wà lọ́tùn-ún àti lósì (bẹ́ẹ̀ ni, fésì-mí-àì-fésì-yú tí gbogbo wa ń gbé, àbúrò wọn ni, àmọ́ àbúrò tí ò gbẹ̀kọ́). Fèrèsé àti ilẹ̀kùn ẹ̀ rí roboto lókè, òdòdó tí wọ́n fi ọwọ́ mọ wà lára ògiri, bákónì kọjú sí títì. Àwọn ọmọṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ wọn ló tàn án kálẹ̀ dé Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú, Ìjẹ̀bú, Iléṣà, pàápàá nígbà tówó kòkó wọlé tí kálukú ń fẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sílé bàbá ẹ̀. Tí ọ̀gá ẹ bá tún sọ pé òyìnbó ni, ka orúkọ da Costa àti Aka fún wọn, ṣùgbọ́n rọra kà á o, torí àwọn ló máa fún ẹ ní frídọ́ọ̀mù.

Brazilian Baracoon tó wà ládùúgbò wa l'Àgbádárìgì ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni wọ́n? Brazilian sáà lorúkọ méjèèjì.

Rárá o, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ilé Àgùdà ni èyí tí àwọn tó dé láti oko ẹrú kọ́ láti fi gbé. Baracoon ni ibi tí wọ́n ń ti àwọn ẹrú mọ́ kí wọ́n tó kó wọn sọ́kọ̀. Yàrá kéékèèké tí ò ní ju ihò díẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé ni, kò sẹ́ni tó ń ṣe òdòdó síbẹ̀. Ohun tó lọ́jú pọ̀ níbẹ̀ ni pé Seriki Williams Abass tó ni agbolé yẹn, ẹrú lòun fúnra ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọmọ Ìjógà ni wọ́n mú lọ sí Brazil, ó padà dé, ó sì di oníṣòwò ẹrú, ìjọba òyìnbó tún wá fi ṣe olórí lágbègbè yìí kó tó kú ní 1919. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo ẹni tó ti Brazil dé ló dé pẹ̀lú ìwọ̀n àti okùn bíríkìlà. Tẹ́ ẹ bá lọ wò ó, ẹ jẹ́ kí mọ̀lẹ́bí wọn tó ń mójú tó o ṣàlàyé fún yín, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́.

Tíṣà ni mí o. Gbogbo ìgbà tá a bá kó àwọn ọmọ lọ wo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Marina Àgbádárìgì, wọ́n máa ń sọ fún wa pé inú ilé yẹn ni Crowther ti túmọ̀ Bíbélì. Ṣé odindi Bíbélì ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Odindi kọ́. Nínú January 1845 ni Crowther, Townsend àti Gollmer ti CMS (ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì láti England) dé Àgbádárìgì, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, wọ́n wá gbọ́ pé Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, tó yẹ kó gbà wọ́n ti kú, ogun sì wà lójú ọ̀nà, ló bá di pé kí wọ́n dúró síbí fún bí ọdún kan àtààbọ̀. Ìgbà yẹn ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn parí, ní 1845, lọ́wọ́ CMS. Nígbà tó fi máa di August 1846, Crowther ti wà l'Abẹ́òkúta. Ìwé Róòmù tó túmọ̀ jáde ní 1850, odindi Bíbélì Yorùbá ò sì jáde títí di 1884, ọwọ́ àwọn mìíràn náà sì wà níbẹ̀. Ẹ sọ fáwọn ọmọ pé ó gbé níbẹ̀, pé ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìyẹn ti tó fún Àgbádárìgì láti fi yangàn, a ò nílò àbùmọ́.

Mo fẹ́ mú àwọn ọmọ mi lọ wo Ilojo Bar ní Tinubu Square lásìkò họlidé. Ọjọ́ wo ni wọ́n ń ṣí?

Wọn ò ṣí i mọ́. Wọ́n ti wó o, ní ọjọ́ Sunday, September 11, 2016. Ilé Àgùdà ìdílé Fernandez ni tẹ́lẹ̀, wọ́n kọ́ ọ ní 1855, Olóyè Omolana Olaiya rà á ní 1933, ìjọba kéde ẹ̀ ní national monument ní 1956, ìwé ìkéde yẹn ò sì dá katapílà dúró. Ẹ mú wọn lọ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní tiyín, ìyẹn ṣì wà, wọ́n ṣì ń kírun níbẹ̀.

Bàbá bàbá wa fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ kan sílẹ̀ fún wa l'Àgbádárìgì. A fi símẹ́ńtì pílásítà rẹ́ ẹ lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, gbogbo ẹ̀ ti ń ṣí bọ́. Àwọn àbúrò mi ní ká wó o, ká kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Kí la fẹ́ ṣe?

Símẹ́ńtì yẹn gan-an ló ń pa á, ẹ̀gbọ́n. Ògiri amọ̀ máa ń fa omi láti ilẹ̀ àti látinú òjò, ó sì gbọ́dọ̀ rí ibi tu ú jáde. Símẹ́ńtì ò jẹ́ kó tu ú. Omi á wá há sínú, amọ̀ á rọ̀, pílásítà á já. Tẹ́ ẹ bá tún rẹ́ òmíràn lé e, owó yín ló ń ṣòfò. Ẹ rọra ha èyí tó ti ṣí kúrò, kí wọ́n má fi òòlù ńlá gbá a, ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ, kẹ́ ẹ wá fi amọ̀ tàbí lime (èyí tí wọ́n ń rí látinú òkúta ẹfun tí wọ́n sun) rẹ́ ẹ padà. Ẹni tó bá sì ní iyanrìn òkun lòun máa fi da kọnkéré tì í lẹ́yìn, ẹ lé e, iyọ̀ inú ẹ̀ máa jẹ irin.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù, àwọn àbúrò yín ò burú, ebi ò gbọ́ ìtàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé Àgùdà l'Ékòó, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà, wọ́n ń gbé lókè. Yàrá iwájú méjì tó kọjú sí títì, ẹ háyà wọn jáde, kẹ́ ẹ sì fi owó yẹn tún òkè ṣe. Ẹ fi èyí síwájú ẹbí kí dẹfẹ́lọ́pà tó dé, torí tó bá ti gbé owó sórí tábìlì, ọ̀rọ̀ á yí padà. Kí bíríkìlà kankan tó fọwọ́ kan ògiri, ẹ jẹ́ kí kápẹ́ńtà gòkè lọ wo páànù àti igi àjà, pàápàá igun tó wà lápá ọ̀sà, torí bí òkè bá ń jò, kò sí pílásítà tó máa dúró.