Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò Tó Kọ́kọ́ Gba Àmì-Ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì fún Nàìjíríà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú wa. Bàbá mi ní ẹni tó kọ́kọ́ gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì fún Nàìjíríà fìdí rẹmi kó tó gbà á. Ṣé òótọ́ ni? — Òǹkàwé kan, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni bàbá sọ. Nojim Maiyegun, tí wọ́n bí ní Èkó lọ́dún 1941, ni. Ní Tokyo lọ́dún 1964, nígbà tí kò tíì máa fi ẹ̀ṣẹ́ gbowó, ìjà tó ṣáájú àṣekágbá ni wọ́n ti borí rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìdíje ẹ̀ṣẹ́, àwọn méjèèjì tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀ ló ń gba idẹ, láìtún bá ara wọn jà. Ó fi Austria ṣe ilé lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ fọ́ nígbẹ̀yìn, ó sì kú lọ́dún 2024.