Bọ́tìnnì SAT Inú Mọ́tò Tòkúnbọ̀

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo ra Camry tòkúnbọ̀ kan tí ó ti Amẹ́ríkà wá. Bọ́tìnnì kan wà lára rédíò rẹ̀ tí wọ́n kọ SAT sí, ṣùgbọ́n kò gbé ohùn kankan jáde bí mo bá tẹ̀ ẹ́. Rewáyà kan ní Òkè-Àrò ní bí mo bá sanwó, òun yóò bá mi ṣí i, n ó sì máa gbọ́ ìkànnì tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ṣé òótọ́ ni?
Òǹkàwé yín, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. SiriusXM ni bọ́tìnnì yẹn ń wá, ìyẹn rédíò sátẹ́láìtì tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Kánádà ń sanwó fún bí àwa ṣe ń sanwó DStv. Ilé iṣẹ́ méjì tí ń bá ara wọn díje ni tẹ́lẹ̀: XM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001, Sirius tẹ̀ lé e ní 2002, wọ́n sì di ọ̀kan ní 2008. Orin, eré ìdárayá, ìròyìn àti ètò ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n ń tà, ẹni tí ó bá sì wakọ̀ láti New York dé California kò ní yí ìkànnì padà lójú ọ̀nà.

Rédíò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, àti pé nígbà tí oníbàárà bá ti sanwó, láti ojú sánmà ni wọ́n ti ń fi àṣẹ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà náà kí ó lè ṣí. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rewáyà yín ti wó. Sátẹ́láìtì wọn kan dúró sí òkè agbedeméjì ayé ní ìwọ̀n 85 níhà ìwọ̀ oòrùn, nígbà tí Àkúrẹ́ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 5 níhà ìlà oòrùn, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìtẹ̀kòrò ilẹ̀ ayé, ìyẹn bí ayé ṣe rí roboto, ti dí i mọ́ wa lójú. Ẹ ì báà gbé eríà náà gun gbogbo àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè, kò lè rí i. Àwọn ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ náà fi ń ran sátẹ́láìtì lọ́wọ́ láàrin ilé gíga ìlú ńlá kò sì sí níhìn-ín.

Ilẹ̀ Áfíríkà ti ní irú rédíò sátẹ́láìtì bẹ́ẹ̀ rí, ó sì dùn mí pé kò pẹ́. Noah Samara, ọmọ Etiópíà, ni ó dá WorldSpace sílẹ̀. Wọ́n gbé sátẹ́láìtì AfriStar lọ sókè ní 1998, ṣùgbọ́n gbèsè bo ilé iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀ ní 2008. Rédíò rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí ó wà nínú ọkọ̀ yín.

Bọ́tìnnì FM tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ SAT ni yóò gbé Adaba 88.9 àti Positive 102.5 wá fún yín láìgba owó. Bí ó bá sì jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì fóònù ni rewáyà náà fẹ́ so mọ́ rédíò yín, ìyẹn kì í ṣe sátẹ́láìtì rárá: dátà yín ni yóò máa jẹ, ẹ sì lè fi Bluetooth tàbí wáyà so ó fúnra yín.