Ẹ San Gbèsè Tí Ìjọ Jẹ Ọmọ Ìjọ Ná

Arábìnrin, ẹ béèrè ohun tí ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ ìjọ yín ní Bàrígà tún lè ṣe fún àwọn tí àtijẹ-àtimu nira fún, yàtọ̀ sí ìrẹsì àti gààrí tí ẹ ń pín lóṣooṣù. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, ohun tí ojú mi rí ni mo sì fẹ́ fi dá yín lóhùn.

Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, epo tí a ń bu sí jẹnẹrétọ̀ sì gbówó lórí. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, iye náírà já wálẹ̀, bébà, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti òkè òkun wá, wá di ọ̀wọ́n gógó débi pé iye tí mo bá oníbàárà dá lónìí kò ní tó ra bébà lọ́la. Kò pẹ́ tí mo fi jẹ onílé lówó, tí wọ́n sì dá àwọn ọmọ mi padà láti ilé ìwé.

Ìjọ tí mo wà nígbà náà ní kí ẹni tó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́ jáde wá síwájú pẹpẹ. N kò jáde. Ọ̀rọ̀ náà ju ìtìjú lọ, nítorí pé àwọn oníbàárà mi wà lórí ìjókòó, ta ni yóò sì gbé owó àsansílẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tó ti rí níbẹ̀? Ìjọ yìí kan náà ṣì jẹ mí lówó ìwé ètò ìkórè ọdún tó ṣáájú, akápò sì ń sọ pé iṣẹ́ Olúwa ni, kí n ní sùúrù.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra àpò ìrẹsì mìíràn, ẹ yẹ ìwé ìnáwó ìjọ wò, kí ẹ sì san gbogbo ohun tí ìjọ jẹ káfíńtà, alásè àti ẹni tó rán aṣọ àwọn akọrin, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ. (Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ há ni a tún máa ń bẹ̀ pé kó dín owó kù fún Ọlọ́run!)

Bàbá ìjọ kan ló yọ mí. Ó pè mí sẹ́yìn lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì, ó gba nọ́ńbà onílé, ó sì san owó náà fún un tààrà, torí owó tó bá kọ́kọ́ dé ọwọ́ onígbèsè, ẹni tó bá tètè kanlẹ̀kùn ni yóò gbà á. Lẹ́yìn náà, ó rí i pé wọ́n fún mi ní iṣẹ́ kàlẹ́ńdà, pẹ̀lú owó tí n ó fi ra bébà lọ́wọ́. Èrè iṣẹ́ yẹn ni mo fi ra bébà fún èyí tó tẹ̀ lé e.

Ẹ yọ orúkọ àwọn tí ọwọ́ wọn há bẹ́ẹ̀ kúrò nínú àwọn tó jẹ owó ìkórè, kí ẹ má sì ka orúkọ wọn sétígbọ̀ọ́ ìjọ. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6, ọkùnrin méje ni wọ́n yàn nígbà tí wọ́n ń fo àwọn opó kan nínú ìpín ojoojúmọ́. Ní tiyín, ẹni mẹ́ta ti tó láti bójú tó irú ọ̀rọ̀ yìí, kí Ìyá Ìjọ wà lára wọn, nítorí àwọn obìnrin máa ń sọ fún un ohun tí wọn kò ní sọ fún pásítọ̀.